Aṣọ Tí Mo Tú Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni mẹkáníìkì tó tún alùpùpù mi ṣe, nítorí náà n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó wà láàyè, a sì ṣì máa ń rí ara wa ní Mísà ọjọ́ Àìkú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kọ ọ́. Ibi tí kò bá ti dá mi lójú, n ó sọ pé kò dá mi lójú.

Ní abúlé Gbaffo ni ilé mi wà, iṣu ni mo ń gbìn. Alùpùpù kékeré ni mo ní. Agbára rẹ̀ tó ti ẹni tó ń lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n èmi kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Òkè kan wà láàárín ilé mi àti ojú ọ̀nà, òkè àpáta àti ilẹ̀ pupa, kò gùn, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán. Bí mo bá di àpò iṣu méjì sí i, tí ìyàwó mi jókòó lé e, a ó dé ìdajì òkè náà, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Àwọn ará àdúgbò á dúró máa wò wá. Ọ̀kan nínú wọn máa ń béèrè pé ta ló ń gbé ta.

Èyí ló mú mi lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dassa, lábẹ́ igi mángòrò, ní ìgbà ọyẹ́. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀, ó ní àpótí tó fi ń mí ló há jù, pé ẹni tí a dì nímú kò lè gun òkè. Ó tú àpótí náà, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dípò rẹ̀, ó fi fítìrì onírin kan tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo, sí ẹnu kàbúrátọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ jó. Àrọ náà wà níta gbangba, kò sí ohun tó bò ó.

Ẹni tí kò bá gbé ní ọ̀dọ̀ wa kò ní mọ ohun tí eruku jẹ́ ní ìgbà ọyẹ́. Ó ń wọ inú ọbẹ̀, ó ń wọ inú etí. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá ní àrọ lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀ ló máa ń wé aṣọ mọ́ ọn: gèlè tó ti gbó, ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti pa eruku, kálukú á tú tirẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. Bí a ṣe ń ṣe é ni. Gèlè ìyàwó mi kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí ni mo mú wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ́ ẹ po ní méjì, ó wé e mọ́ àrọ náà, ó so ó pinpin. Lẹ́yìn náà ló tó ta ẹ́ńjìnnì jí, tó dẹ etí, tó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìṣó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàbúrátọ̀, síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, títí tí ohùn rẹ̀ fi dán.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn: alùpùpù náà gun òkè. Àpò méjì àti ìyàwó mi, a kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó máa ń béèrè pé ta ló ń gbé ta kò rí nǹkan sọ. Gbogbo ọyẹ́ náà ni mo fi ń yin ẹ̀gbọ́n.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sán, ó sì rọ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, mo tú gèlè náà, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sórí okùn. Inú mi dùn. Mo rò pé bí alùpùpù náà bá lè gun òkè pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu, yóò fò ní àìsí aṣọ.

Ní ọjọ́ ọjà Glazoué tó tẹ̀lé e, iṣu pọ̀ débi pé kò sí àyè fún ìyàwó mi lẹ́yìn. Ó bá ọkọ̀ aládùúgbò kan lọ. Mo kíyè sí i pé ohùn ẹ́ńjìnnì náà gbẹ díẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, ó sì ń húkọ́ bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí gáàsì, ohun tí a ń fi ọwọ́ yí láti fi sáré, ṣùgbọ́n mo ní òtútù ni. Lójú ọ̀nà ọ̀dà, mo bá tírélà kan tó ru òwú. Mo wo iwájú, ọ̀nà ṣí. Mo yà jáde láti kọjá rẹ̀, mo yí gáàsì dópin.

Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dákẹ́.

Bọ́ọ̀sì kan yọ níwájú, ó ń tan iná sí mi lójú. Tírélà wà lápá ọ̀tún mi, táyà rẹ̀ ga tó èjìká mi. N kò rántí pé mo pinnu ohunkóhun. Mo mọ̀ pé mo bọ́ sí koto lápá òsì, pé mo gbọ́ ìró iṣu bí wọ́n ṣe ń fọ́ lábẹ́ táyà, àti pé nígbà tí mo la ojú, ewéko tútù ló wà lẹ́nu mi. Èjìká mi yẹ̀. Awọ ẹsẹ̀ òsì mi bó láti orúnkún dé kókósẹ̀. Gbogbo èèyàn ní kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí mo fi wà lórí ẹní, bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá lókèèrè, òógùn á bò mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀dà jìnnà sí ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n wá sílé mi lákòókò náà, ó tọ́ apá alùpùpù tó wọ́, kò sì wo kàbúrátọ̀ rárá. Èmi ni mo ń ronú nípa rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo bi ara mi pé kí ni mo yí padà láàárín ìgbà tó ń gun òkè àti ìgbà tó kú. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo rí: aṣọ. Ẹni tó bá dá iná rí mọ̀ pé bí o bá fẹ́ ẹ díẹ̀, yóò jó. Bí o bá fẹ́ ẹ lójijì, tí o fi gbogbo ẹ̀mí rẹ fẹ́ ẹ, yóò kú. Ìgbà tí aṣọ wà lẹ́nu àrọ lẹ̀gbọ́n wọn epo fún ẹ́ńjìnnì náà. Mo tú aṣọ, afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kò pọ̀ sí i. Mo tú bùjí jáde, ohun kékeré tó ń ta iná nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹfun. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì pé bùjí tó bá funfun, ebi epo ló ń pa á.

Mo fi í sápò, mo lọ sí Dassa.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú èjìká tí kò tíì san. Kò tètè ní kí n dìde.

"Ọkọ àbúrò mi," ó ní, "mo gbọ́ pé o fẹ́ bá tírélà sáré."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ọwọ́ ẹ ló kú. Ẹ́ńjìnnì tí mo bá fọwọ́ kàn kì í kú."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ń ta epo inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó ní agboòrùn ńlá kan, náà rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń wa alùpùpù bí ẹni gbé ẹyin," ó ní, "ta ló ní kó yà síwájú bọ́ọ̀sì?"

Mo yọ bùjí náà jáde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹ̀gbọ́n. Ó wò ó láìgbà á.

"Omi ló wà nínú epo tí o rà. Òjò ń rọ̀, ìgò wà níta."

Ìyá elépo dìde lórí àpótí rẹ̀. "Omi kẹ̀? Nínú ìgò ta ni?"

"Mi ò ní tìrẹ."

"Ti ta ni? Ṣé ẹlòmíràn ń tà níbí ni? Ìwọ tí o ń fi ẹnu fa epo mi nínú rọ́bà lójoojúmọ́, ṣé omi lo ti ń mu látọjọ́ yìí? Abájọ tí iṣẹ́ ẹ fi ń tutù!"

Ẹ̀rín bú lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń rín. Mo rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n yí padà, ó sì yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí òun nìkan bá wà. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ kì í bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ jiyàn lójú èèyàn. Ìṣọ́ra ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn mo ṣi àkókò mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo tú aṣọ ẹnu àrọ. Bóyá ti ìgbà tí aṣọ wà níbẹ̀ lẹ tò ó fún. Afẹ́fẹ́ wá pọ̀ ju epo lọ."

Ó dìde. Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà án sí àwọn alùpùpù mẹ́rin tó wà lábẹ́ igi.

"Wò wọ́n. Gbogbo wọn ló ní àrọ. Gbogbo wọn ló ti tú aṣọ. Èwo ló pa ẹni tó ni ín nínú wọn?"

"Wọn ò ru iṣu, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò yí gáàsì dópin."

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ilé ìwé tí o lọ, ṣé kàbúrátọ̀ ni tíṣà fi kọ́ ọ ní ABD?" Ó gba bùjí náà lọ́wọ́ mi níkẹyìn, ó sì sọ ọ́ sínú eruku. "Gbọ́. Ọjọ́ ọjà Glazoué tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó gbé àbúrò mi lọ lórí alùpùpù náà, pẹ̀lú ẹrù. N ó kọjá tírélà tó bá wà níwájú mi. Kí gbogbo ayé lè rí i pé ọkọ rẹ̀ ni kò mọ nǹkan."

Mo ṣa bùjí mi nílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, n kò ronú nípa ẹni tó jàre mọ́. Ìyàwó mi nìkan ni mo ń rò, lórí ìjókòó tí mo mọ̀, níbi tí ì bá wà ní ọjọ́ yẹn ká ní iṣu kò pọ̀.

Nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi dé. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"O lọ bú ẹ̀gbọ́n mi lójú àwọn èèyàn."

"N kò bú u."

"O ní kò mọṣẹ́. Ẹni tó tọ́ alùpùpù rẹ láìgba ohunkóhun."

"Má bá a lọ sí Glazoué. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ kò ju ìyẹn lọ."

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, kí o yé fi kàbúrátọ̀ bojú."

"Ẹ̀rù ń bà mí," mo ní.

Kò retí rẹ̀. Ó pòṣé, ó wọlé, ó sì fi mí sílẹ̀ níta. Fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ mi ń wá, ọ̀rọ̀ kò bá a wá.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, mo mú gèlè náà, mo ṣẹ́ ẹ po ní méjì bí ẹ̀gbọ́n ti ṣe, mo sì wé e padà mọ́ àrọ. Mo rò pé bí ẹ̀gbọ́n kò bá tilẹ̀ gbà pẹ̀lú mi, ó kéré tán ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Ìwà ojo ni, mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú láìsí ẹni tó máa tún sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n dé ní òwúrọ̀. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lẹ́yìn ẹni tó gbé e wá tó ti rí gèlè náà.

"Ta ló tún wé àkísà yìí mọ́ ọn? Ṣé eruku ń sọ nínú ẹrẹ̀ yìí ni?" Ó fà á já, ó jù ú sí àbúrò rẹ̀. Ó di àpò iṣu méjì, ó ta ẹ́ńjìnnì jí. Ìyàwó mi ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó fẹ́ gun ẹ̀yìn.

Mo di apá alùpùpù náà mú.

N kò dọ̀bálẹ̀. N kò tilẹ̀ tíì kí i. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, n kò ṣe irú rẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gun òkè yìí ná. Ẹ̀yin nìkan pẹ̀lú ẹrù. Ẹ yí gáàsì dópin láti ìsàlẹ̀. Bó bá dé òkè láìkú, ẹ gbé e lọ ibi tó bá wù yín."

"Kúrò níwájú mi."

"Mi ò kúrò."

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín lójú àdúgbò ni?" ìyàwó mi ké. "Jẹ́ kó lọ!"

"Bó bá fẹ́ lọ pẹ̀lú rẹ, ara mi ni táyà máa gbà kọjá."

Ẹ̀gbọ́n wo ẹsẹ̀ mi tó wà níwájú táyà, ẹsẹ̀ tó bó náà. Ó tutọ́ sílẹ̀. "Ó dáa. Òmùgọ̀, wò ó dáadáa." Mo kúrò. Ó yí gáàsì dópin, òkúta ń fò lẹ́yìn rẹ̀.

Ó lọ dáadáa títí dé ìdajì. Ìyàwó mi ti ń yí ojú sí mi. Ó kọjá ìdajì, ibi tí òkè náà ti dúró jù, ẹ́ńjìnnì náà sì húkọ́. Ara mi mọ ìró náà kí etí mi tó gbọ́ ọ. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Ẹrù fà á sẹ́yìn, alùpùpù náà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n ṣubú sáàárín àpáta.

Inú mi kò dùn. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn kan gbà pé inú mi dùn. Mo fi ẹsẹ̀ líle mi sáré gun òkè, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀ ó ti dìde. Ìgúnpá rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò wò mí. Ó yí alùpùpù náà lọ sí ìsàlẹ̀, ó tún un jí, ó tún gun òkè. Ibi kan náà ló kú sí. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti múra sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó tọrọ omi lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, kò tọrọ lọ́wọ́ mi. Ó jókòó lórí àpáta, ó tú kàbúrátọ̀. Nínú àpò rẹ̀, ó ní agolo oògùn kan tó kún fún jíkilọ̀, àwọn irin kékeré tí a lu ihò tín-ínrín sí, tí epo ń gbà kọjá. Ó ń gbé wọn sójú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ihò wọn. Ó yọ ti inú kàbúrátọ̀, ó fi èyí tí ihò rẹ̀ tóbi jù ú lọ síbẹ̀. Ó gun òkè, ó pa ẹ́ńjìnnì náà lójijì níbi tó ti ń sáré jù, ó tú bùjí níbẹ̀, ó wò ó. Ó ṣì funfun. Ó tún fi òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dé òkè láìhúkọ́. Lẹ́yìn náà ló fa abẹ́rẹ́ inú kàbúrátọ̀ náà sókè ní ìlà kan, kí epo lè tó ní àárín gáàsì pẹ̀lú, ó sì tún wo bùjí. Ó ti pọ́n bí awọ ẹ̀pà yíyan.

Ní gbogbo àkókò yẹn, mo ń lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá na ọwọ́ sẹ́yìn, n ó fi sípánà tó ń wá lé e lọ́wọ́.

Nígbà tó parí, ó ní, "Ó yẹ kí o ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí o tú u."

"Gbogbo wa la máa ń tú u, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà ń tú tiyín."

"Mo mọ̀." Ó nu ọwọ́. "Èmi ló yẹ kí n rántí, ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ fojú rí ọ." Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níwájú mi. "Gbé ìyàwó rẹ."

Ó rìn lọ sójú ọ̀nà, kò dúró gba oúnjẹ. Lẹ́yìn ìgbà náà mo gbọ́ pé ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ní àrọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí jíkilọ̀ wọn padà, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní Mísà, mo ń dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ń dáhùn. Kò tíì béèrè bí èjìká mi ṣe rí.

Mo gbé ìyàwó mi. N kò fẹ́ gbé e, mo ti rò pé n kò ní gun nǹkan yẹn mọ́ láyé, ṣùgbọ́n ó ti jókòó lẹ́yìn, iṣu ti wà lórí alùpùpù náà, n kò sì lè sọ pé kò dára. Ó gun òkè bí ẹni tí a kò di ẹrù rù. Ìyàwó mi kò di aṣọ mi mú bó ti máa ń ṣe. Irin ẹ̀yìn ló dì mú. Lójú ọ̀nà ọ̀dà, mo ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pátápátá, gbogbo ohun tó ní ẹsẹ̀ ló ń kọjá wa. Èjìká mi le bí igi.

A dé Glazoué nígbà tí ọjà ti kún, ibi tó máa ń jókòó sí ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi nítorí ibẹ̀. Ó dúró, ó ń wo iṣu, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn tí a fi dì í.

"Bó bá jẹ́ pé iṣu kò pọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?" ó ní. "Bó bá jẹ́ pé mo wà lẹ́yìn rẹ?"

Ó wò mí bí ẹni tó ti bínú tipẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló yẹ kó máa bínú sí. Lẹ́yìn náà ó fa okùn náà tú, ó ní kí n gbé apá kan, kí òun gbé apá kan, kí n má fi èjìká tó ń dùn mí gbé e.